Ìyá Ifọ̀ Kò Gbàgbé Omi Oyin

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ fún ìyá mi àgbà, baba onílé wa dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Èèyàn gidi ni Màmá. Àfi ìgbàgbé arúgbó yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé yìí. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n." Gbogbo ayálégbé ṣe àmín. Ẹ gbà mí o, èmi náà ṣe àmín. Ó jáde lẹ́nu mi geere, bí ẹni pé n ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Kó tó jókòó, ó fi kún un pé níwọ̀n ìgbà tí olóhun ti lọ, òun fẹ́ kí gbogbo ike òdòdó tó wà lórí bálíkónì wa ti kúrò kó tó di Sátidé. "Bí Màmá tó ni wọ́n bá lè gbàgbé lọ́jọ́sí, ta ni yóò wá máa rántí báyìí?" Òní ni Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe ike nìkan ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Ẹ̀sùn irọ́ ni wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ kó wọn dànù, orúkọ Màmá á sì máa jẹ́ "arúgbó tó gbàgbé" nínú ilé yìí títí ayé. Màmá ò gbàgbé. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín, bóyá ẹnu mi á le díẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ifọ̀ ni wọ́n ti lo ayé wọn kí orúnkún tó dá wọn dúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ifọ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Mowe, nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ayálégbé mìíràn jọ ń gbé. Àwa wà lókè, Ìyá Rọfíà àti ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo rò pé arúgbó tí mo fẹ́ tọ́jú ni mo lọ mú wá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó gbé wọn dé, ike ọ̀dà mẹ́ta ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí àpò aṣọ wọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀fìnrìn wà nínú ọ̀kan, ewúro nínú èkejì, ilá nínú ẹ̀kẹta. Mo ní, "Màmá, ẹ̀fìnrìn ò wọ́n ní Mowe o, wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n ń tà ti kú. Èmi ń wá ibi tí oyin á máa bà sí."

Oyin! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ojo ni mí. Bí aáyán bá fò báyìí, orí àga lẹ ó ti bá mi. Bí ọkọ mi bá pẹ́ lójú títì márosẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti Èkó, mo ti sin ín tán lọ́kàn mi kó tó gbé fóònù. Nígbà tí mo wá bí Mofẹ́, ẹ̀rù mi náà bímọ. Mo fi nẹ́ẹ̀tì dí gbogbo fèrèsé. Mo ka gbogbo ohun tí oyin lè fi ọmọdé ṣe lórí fóònù, mo tún padà lọ kà á, bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Màá ti ilẹ̀kùn bálíkónì pa, Màmá á ṣí i. Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá Mofẹ́ lórí itan wọn níta, oyin kan ń rìn jẹ́jẹ́ lọ́rùn ọwọ́ Màmá, ọmọ náà sì ń wò ó. Igbe tí mo ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Mofẹ́ bú sẹ́kún. Oyin fò lọ. Màmá fi aṣọ nu ojú ọmọ náà, wọ́n ní, "Inú ẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀, Àṣàkẹ́. Ìwọ lo dẹ́rù bà á."

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn kòkòrò yìí, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ní Ifọ̀, wọ́n ní oko kékeré lẹ́yìnkùlé, elégédé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ ta gbogbo igbó tó yí wọn ká, wọ́n wó igi, wọ́n kọ́lé. Lọ́dún yẹn, elégédé Màmá yọ òdòdó, òdòdó rẹ̀ dànù, kò so. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Màmá ò dá wọn lóhùn. Wọ́n jókòó sínú oko láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú, wọ́n ń ṣọ́ òdòdó, wọn ò rí oyin kan ṣoṣo kó bà á. Ni wọ́n bá já ìyẹ́ kan lára adìẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi gbé àtíkè tó wà nínú òdòdó akọ lọ sínú abo, òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú orúnkún tí ò dáa. Mẹ́rin péré ló so. Wọ́n sọ fún mi pé, "Iṣẹ́ tí oyin ti ń bá mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ látọjọ́ yìí, ọjọ́ kan ni mo ṣe é, ẹ̀yìn mi ò nà fún ọ̀sẹ̀ kan."

Bálíkónì wa ò fẹ̀ o. Bí ènìyàn méjì bá dúró níbẹ̀, ọ̀kan á yẹ̀ fún èkejì. Síbẹ̀, ike mẹ́ta di mọ́kànlá. Wọ́n á rán mi lọ bá àwọn akunlé tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé tuntun ní Ibafo kí n lọ tọrọ ike ọ̀dà tó ti ṣófo. Ojú á máa tì mí, èmi tí mo wọ aṣọ iṣẹ́, tí mo gbé ike ẹlẹ́gbin sórí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Màmá á fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀. Wọ́n gbin ata, wọ́n gbin kúkúńbà tó gun irin lọ sókè, wọ́n gbin òdòdó pupa kan tí n ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀fìnrìn ló wá pọ̀ jù. Gbogbo obìnrin tó ń gbin ẹ̀fìnrìn ló mọ̀ pé bó bá ti ń yọrí òdòdó, a máa ń já a kúrò kí ewé rẹ̀ lè pọ̀. Ọgbọ́n ìdáná ni, kò sẹ́ni tó ń kọ́ni. Màmá ò gbà. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ike ẹ̀fìnrìn méjì: ti oyin nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já òdòdó rẹ̀.

Èmi já a. Mo fẹ́ se ọbẹ̀ ẹja aláta, ewé tiwa ti tán, mo ní ṣebí òdòdó lásán ni. Mo já gbogbo rẹ̀ pátá pẹ̀lú ewé rẹ̀, mo tiẹ̀ rò pé mo ṣe é lóore. Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wo ìta, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gààrí ni wọ́n mu lọ́jọ́ náà, láìsí ẹja. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, mo tiẹ̀ bínú, mo ní ṣé torí kòkòrò lẹ ṣe ń fi ebi pa ara yín. Wọ́n ní, "Àwa ń jẹ ewé, oyin ń jẹ òdòdó. O jẹ tìrẹ tán, o tún lọ bù nínú abọ́ ẹlòmíì."

Nígbà kan mo mú òróró àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi pa gbogbo irin bálíkónì, mo ń pàṣẹ fún oyin kí wọ́n kó ẹrù wọn. Màmá náà kì í pa ìsìn jẹ o, ohùn wọn ló máa ń ròkè jù nínú orin. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jẹ́ kí n ṣe àmín tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọṣẹ àti kànìnkànìn sí mi. "Ó yá, bá mi fọ̀ ọ́ kúrò. Á lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀."

Oyin ta Màmá náà rí, kí ẹ má lọ rò pé wọ́n lóògùn. Wọ́n sá gèlè sórí irin, wọ́n mú un, wọ́n wé e, oyin kan sì wà nínú rẹ̀. Iwájú orí ló ta wọ́n sí. Mo ń sáré kiri inú ilé, mo ń wá yìnyín, mo ti ń pe ìyá mi lórí fóònù, mo ń sunkún. Wọ́n fi èékánná ha abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n ní èèyàn kì í fi ìka méjì fà á torí oró tó kù nínú rẹ̀ á tún wọlé. Iwájú orí wú, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sójú, ojú kan pa dé. Wọ́n fi èkejì wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo wé e mọ́ gèlè. Bí wọ́n bá wé ìwọ mọ́ gèlè, ṣé o ò ní ta?"

Wọ́n le o. Mi ò ní torí pé wọ́n ti kú kí n wá sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Wọn kì í bẹ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Omi tí wọ́n ń bù sí ike máa ń kán sára ògiri tí baba onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó wá jà. Màmá ní, "Ẹ má bínú." Wọ́n wá àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ gbogbo ike. Baba onílé tún ń kùn, ó ní ẹ̀bẹ̀ yẹn ò dénú. Màmá wo ojú rẹ̀, èmi sì ń fà wọ́n láṣọ lẹ́yìn torí ẹ̀rù ilé ń bà mí, ta ló fẹ́ máa wá ilé kiri ní Mowe lásìkò yìí? Wọn ò wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Mo ti bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìwọ̀sí ni." Wọ́n bá tiwọn wọlé.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí mo bá ń sọ èyí tó kù.

Yàtọ̀ sí òdòdó, àwo omi kan wà. Àwo pẹrẹsẹ ni, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n bu omi díẹ̀ sí i kí orí òkúta lè yọ, torí ibẹ̀ ni oyin á dúró sí mu omi láìrì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ híhó wọn látinú pálọ̀. Láràárọ̀, kí Màmá tó bọ́jú ni wọ́n ti ń bu omi sí àwo yìí. Bí mo bá ní kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú òùngbẹ oyin, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì tí wọ́n wá ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ṣàìsàn ní Ifọ̀, wọ́n fẹ́ lọ fi ọjọ́ mélòó kan bá a jókòó. Kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Bí o bá gbàgbé láti bomi rin ìyókù, kò burú, wọ́n á fara dà á. Àwo yẹn ni kó o má gbàgbé o. Bí omi bá tán níbẹ̀, oyin ò ní ní òun ò mu mọ́. Á wá a lọ síbòmíì." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ kìíní, mo bu omi sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gbàgbé láti kọ́ ilẹ̀kùn, Mofẹ́ sì jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwo, ó na ìka sí ibi tí oyin kún bámú. Mo já a gbà. Kò sí èyí tó ta á, kò sí èyí tó tiẹ̀ dìde. Ara mi ò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá fọwọ́ kan ara rẹ̀ ni mò ń tú aṣọ rẹ̀ wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí oyin tó jí, mo jáde sí bálíkónì, mo gbé àwo náà, mo da omi inú rẹ̀ nù láti òkè. Mo fi ọṣẹ fọ òkúta, mo kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìdáná. Mo ní bí omi ò bá sí, oyin á bá tiwọn lọ. Bó bá ku ọ̀la kí Màmá dé, màá dá a padà. Ẹ wò ó, àyà mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sùn lọ́sàn-án. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní, pé mo sùn.

Oyin wá omi lọ síbòmíì. Ẹ̀rọ omi kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń kán, abọ́ kan sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé àwo kúrò, Rọfíà ti iléèwé dé. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ooru ń mú un, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abọ́ kó lè bọ́jú, láìwò ó. Oyin ta á lọ́wọ́, wọ́n ta á lọ́rùn, wọ́n ta á lẹ́tè. Òkè ni mo wà tí mo ti gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ètè ọmọ náà wú, ojú rẹ̀ wú pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ gbé e sáré lọ sójú títì láìwọ bàtà, ó gun ọ̀kadà. Mo di irin bálíkónì mú, n ò sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù. Wọ́n ní dókítà sọ pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀mí ì bá bọ́. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún nínú ilé, màá rò pé ìròyìn ikú ọmọ náà nìyẹn. Mo gbé àwo padà síbi tó wà, mo kó òkúta sí i, mo bu omi sí i. Mo wá ń ṣe bí èèyàn dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n dá Rọfíà sílẹ̀ náà ni Màmá dé. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọn ò jókòó, wọn ò mu omi, bálíkónì ni wọ́n gbà lọ tààrà. Wọ́n mú òkúta kan nínú àwo. Òkúta wọ̀nyẹn máa ń yọ̀, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé máa ń wà lára wọn. Èyí mọ́ tónítóní. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbóòórùn ọṣẹ. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé o ń bu omi fún wọn, Àṣàkẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Lójoojúmọ́."

Wọ́n dá òkúta padà sínú àwo. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, baba onílé pe gbogbo wa sí iwájú ilé. Rọfíà wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ojú kan ṣì dí. Gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ọ̀kan ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sí gbogbo ike náà, òmíràn ní kí wọ́n kó àwa àti ike jáde pa pọ̀. Baba onílé ní kí Màmá wá sọ ohun tí wọ́n rí sí i. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú. Èmi wà lẹ́yìn, mo gbé Mofẹ́, mo dì í mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi ń ké. Mo ní ó ti tán, wọ́n máa sọ ọ́ báyìí, gbogbo ilé á mọ̀. Wọ́n lọ tààrà sí iwájú Ìyá Rọfíà. Wọ́n di orúnkún burúkú yẹn mú, wọ́n sì kúnlẹ̀ nínú iyanrìn.

Háà! Ìyá Rọfíà tí àbígbẹ̀yìn Màmá fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ! Ilé dàrú. "Ẹ dìde, Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ẹ má jẹ́ ká dẹ́ṣẹ̀!" Ìyá Rọfíà gbé ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń wo ara wọn nílẹ̀. Màmá ní, "Omi ló yẹ kó wà níbẹ̀, omi ò sí. Ilé mi ni àṣìṣe náà ti wá. Èmi ni kó o bínú sí." Baba onílé fúnra rẹ̀ ń fà wọ́n lápá. "Ìgbàgbé ni, Màmá, ìgbàgbé ni. Ara àgbà ni." Wọn ò bá a jiyàn. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Rọfíà ló ní kí wọ́n fi ike sílẹ̀, kí àwo omi má ṣáà gbẹ mọ́.

Nígbà tí a ń padà gòkè, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..." Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Wọ́n wá ní, "Orúnkún ń dùn mí, Àṣàkẹ́. Fà mí lọ́wọ́."

Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé pẹ̀lú mi lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi rí. Àwo náà ò gbẹ lọ́jọ́ kan. Bí ikọ́ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú ọyẹ́, wọ́n á dì mọ́ ògiri lọ bu omi sí i. Àwọn ará ilé á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ ò gbàgbé omi lónìí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn ò gbàgbé. Màá wọ yàrá. Nígbà míì tí a bá ń jẹun, màá gbójú sókè, màá rí i pé wọ́n ń wò mí. "Kí ló dé, Màmá?" "Kò sí nǹkan." Mo ní màá sọ ọ́ lọ́dún tuntun. Mo ní màá sọ ọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ẹni tó ń purọ́ ló ń gbàdúrà kí ọjọ́ náà má tètè pé. Ní oṣù tó kọjá, ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n. Ọkọ mi àti aládùúgbò kan gbé wọn lórí àga sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré ṣíwájú lọ wá ọkọ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n lọ, Ifọ̀ la sin wọ́n sí.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé lánàá nìyẹn tí n ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ó ti di ọjọ́ Ẹtì báyìí. Mo ti lọ.

Mo bá Ìyá Rọfíà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò dìde mọ́. Mo ní, "Ìyá Rọfíà, kì í ṣe Màmá ló gbàgbé omi lọ́dún yẹn. Èmi ni mo dà á nù. Ẹ̀rù oyin ló ń bà mí. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yín." Mo ti gba ìgbátí lọ́kàn mi, mo ti gba èpè. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú ẹ̀wà.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ìdí okùn aṣọ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rí ẹ lókè tó o ń da omi nù, mo tún rí i pé o ń fọ òkúta inú àwo. Àṣé nǹkan tí mò ń wò nìyẹn, n ò mọ̀. Ọsibítù ni mo wà tí mo fi rò ó pa pọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, mo gòkè wá, mo fẹ́ wá fa aṣọ ya mọ́ ẹ lára. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnì kankan, kí n jẹ́ kó o wá sọ ọ́ fúnra ẹ. Wọ́n ní kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mọ ọmọ àwọn."

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Dìde. Jẹ́ ká lọ bá baba onílé kó tó lọ kírun Jímọ̀. Ìwọ lo máa sọ ọ́ o, n ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Mo dìde. Mo ní, "Ọdún méjì, Ìyá Rọfíà. Ṣé wọ́n tún bá yín sọ ọ́ mọ́?"

"Mọ́ kẹ̀? Ìgbàkigbà tí wọ́n bá kọjá níbí ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n á ní, 'Ṣé ó ti wá?' Màá ní rárá o, Màmá. Wọ́n á ní, 'Á wá.' Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ní Mọ́ńdè tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, Màmá ní kí wọ́n dá àga dúró níbí. Wọn ò lè gbóhùn sókè mọ́. Wọ́n fọwọ́ pè mí, wọ́n ní ṣé ó ti wá?"

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Ìyá Rọfíà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí ni kí n sọ? Mo ní ó ti wá, Màmá. Mo ní o wá lánàá, o sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Mo wí fún ẹ àbí n ò wí?'"